Àwòrán tí Pedro fà ya: àlàyé lórí fíìmù La isla mínima

Àwọn tó bá wo fíìmù ilẹ̀ Sípéènì tó ń jẹ́ La isla mínima tán sábà máa ń béèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́: ta ló pa àwọn ọmọbìnrin yẹn gan-an? Èkejì: kí ló dé tí Pedro, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì inú rẹ̀, fi fa àwòrán ya ní ìparí? Ti àkọ́kọ́ kò le. Fíìmù náà fi apànìyàn hàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Ti èkejì ló ń da ènìyàn láàmú, òun ni mo sì fẹ́ jókòó tì, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sípéènì láàárín ọdún 1975 sí 1981 yóò rò pé ńṣe ni àwọn tó kọ ìtàn náà gbàgbé láti parí rẹ̀.

N óò sọ ìparí rẹ̀ o. Ẹni tí kò tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n tú u fún òun, kó kọ́kọ́ lọ wò ó ná.

Alberto Rodríguez, ọmọ bíbí ìlú Seville, ló darí fíìmù náà. Òun àti Rafael Cobos ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ọdún 2014 ló jáde, nígbà tí wọ́n sì pín ẹ̀bùn Goya ní 2015, èyí tí í ṣe ẹ̀bùn tó ga jù fún fíìmù ní Sípéènì, mẹ́wàá ló kó lọ. Ti fíìmù tó dára jù àti ti olùdarí wà nínú rẹ̀, ti òṣèré ọkùnrin tó dára jù sì bọ́ sọ́wọ́ Javier Gutiérrez tó ṣe Juan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kejì.

Irà ńlá tí odò Guadalquivir ń gbà kọjá kó tó wọ òkun, ní gúúsù Seville, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Oko ìrẹsì ló kún ibẹ̀. Láti òkè ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹyẹ ló ń wolẹ̀: omi, ẹrẹ̀, ipa odò tó lọ́ mọ́ ara wọn, tí gbogbo rẹ̀ wá jọ ọpọlọ ènìyàn tí wọ́n là sílẹ̀. Lára àwòrán tí Héctor Garrido yà láti òfurufú ni wọ́n ti mú un jáde. Mo máa ń rọ àwọn tó bá fẹ́ wo fíìmù yìí lẹ́ẹ̀kejì pé kí wọ́n fara balẹ̀ wo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, torí láti òkè gbogbo nǹkan mọ́ rekete, àfìgbà tí a bá sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ni a kò ní mọ ọ̀nà mọ́.

Ọdún 1980 ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Carmen àti Estrella, sọnù ní ìlú kékeré kan nínú irà náà. Wọ́n rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì wá láti Madrid. Pedro, tí Raúl Arévalo ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́, ó le, kì í rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún nílé. Wọ́n fi iṣẹ́ yìí jẹ ẹ́ níyà ni, nítorí ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn láti bá ọ̀gágun kan wí. Juan dàgbà jù ú lọ. Ó ń mutí, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó mọ bí a ṣe ń bá ará oko sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ kò sì yá: ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún wọn, àgbélébùú kan wà lára ògiri tí wọ́n fi àwòrán Franco, apàṣẹwàá tó ti ṣèjọba Sípéènì, àti ti Hitler sí lára. Franco ti kú láti ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì ń wo àwọn tó bá sùn síbẹ̀.

Wọ́n rí òkú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti fìyà jẹ wọ́n kí wọ́n tó pa wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tú jáde: àwọn ọmọbìnrin ìlú náà fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ń fi iṣẹ́ ní etíkun Costa del Sol tàn wọ́n jẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan tó ń jẹ́ Quini ló ń fi ìfẹ́ fà wọ́n lọ sí ilé kan níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán wọn ní ìhòòhò. Ìyá àwọn ọmọ náà ló yọ́ kẹ́lẹ́ mú nẹ́gátíìfù tí iná ti jẹ lára wá fún àwọn ọlọ́pàá. Bàbá wọn kò lè sọ òótọ́, torí òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn onífàyàwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrẹsì dáṣẹ́ sílẹ̀, ìkórè sì ń bàjẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíá. Gbogbo ẹni tó wà ní ìlú ló mọ nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ẹnu òun ló ti jáde.

Títí dé ibí, fíìmù ọlọ́pàá àti apànìyàn ni. Lẹ́yìn náà ni oníròyìn kan pe Pedro sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ẹni tí Juan jẹ́ kó tó di pé wọ́n ń jọ ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ìṣèlú Franco ni. Níbí ni ó ti yẹ kí a fi fíìmù sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ wo ìtàn.

Franco ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé ní 1939, ó sì jókòó sórí ìjọba títí tó fi kú ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan wà tí wọ́n ń pè ní Brigada Político-Social. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kọ́múníísì, ẹnikẹ́ni tó bá lòdì sí ìjọba, kí wọ́n gbé wọn, kí wọ́n sì dá wọn lóró títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń lò. Ní Madrid, ní Puerta del Sol gan-an, láàárín ìgboro níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, ni ọ́fíìsì wọn wà.

Nígbà tí Franco kú, kò sí ẹni tó lé ìjọba rẹ̀ kúrò. Ńṣe ni ìjọba náà yí ara rẹ̀ padà láti inú. Wọ́n dìbò ní 1977, wọ́n ṣe òfin orílẹ̀-èdè tuntun ní 1978, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́, àwọn ológun àti àwọn ọlọ́pàá tó wà lórí àga ní ìgbà Franco ni wọ́n ṣì wà lórí àga. Wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá ìṣèlú ká, wọ́n sì pín àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó ń lu akẹ́kọ̀ọ́ lánàá di ẹni tó ń wá olè àti apànìyàn lónìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Juan.

Kí ló dé tí wọn kò fi gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́? Òfin ni kò gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin ìdáríjì kalẹ̀, ẹni 296 sì dìbò fún un. Ohun tó máa ń ya àwọn àjèjì lẹ́nu ni pé àwọn tí Franco fìyà jẹ ló pariwo jù fún òfin yìí. Wọ́n wọ́de fún un, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Ìdí ni pé àwọn ènìyàn wọn ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n jáde. Marcelino Camacho, olórí òṣìṣẹ́ tó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ lábẹ́ Franco, ló dìde láàárín ilé aṣòfin tó sọ pé àwọn kọ́múníísì tí ọgbẹ́ ara wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti sin òkú wọn àti ìkùnsínú wọn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Franco àtijọ́ tó kóra jọ sínú ẹgbẹ́ Alianza Popular kò tilẹ̀ dìbò fún un.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ojú méjì bí ilẹ̀kùn. Bó ṣe ṣí fún ẹlẹ́wọ̀n kó jáde, bẹ́ẹ̀ ló tì mọ́ ẹni tó fẹ́ pe adánilóró lẹ́jọ́. Nínú abala kejì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìdáríjì náà kan ẹ̀ṣẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn agbófinró bá ṣẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí àwọn olóṣèlú, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ sí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn. Ìlà méjì péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó lójú pópó ní ọjọ́ yẹn kò ka ìlà méjì yẹn sí, ìlà méjì yẹn ló sì wá pẹ́ láyé jù.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rù kàn ń ba wọ́n lásán. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1981, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn ìgbà tí fíìmù náà ń sọ, Antonio Tejero, ọ̀gá kan nínú Guardia Civil, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá Sípéènì tó dà bí ológun, kó àwọn agbófinró tó tó 200 wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú ìbọn, ó yìn ín sókè àjà, ó sì ní kí gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀. Ìfipágbàjọba náà kò bọ́ sí i. Àmọ́ ẹ̀yin tó bá ń wo Pedro àti Juan nínú mọ́tò wọn lójú ọ̀nà eléruku yẹn, ẹ fi sọ́kàn pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ bí ọ̀rọ̀ ìlú yóò ṣe já sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Pedro kọ, ó sì ti bá ara rẹ̀ nínú irà.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú fíìmù wàyí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú Pedro kéré lójú, òun ló sì wúwo jù lójú tèmi. Juan mọ iṣẹ́. Nígbà tí ẹnì kan kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Juan yóò nà án, ẹni náà yóò sì sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó fi ń ṣe é kò rí bíi ti ẹni tí inú ń bí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ, bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ìgbà tí oníròyìn bá sọ ohun tó sọ tán ni a óò tó mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ti kọ́ṣẹ́. Kí ni Pedro yóò ṣe? Bó bá ní kí Juan ṣíwọ́, wọn kò ní rí apànìyàn, ọmọbìnrin mìíràn sì wà nínú ewu. Bó bá dákẹ́, òun náà ti ń jẹ nínú oúnjẹ tí ọlọ́pàá Franco sè. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, inú mi dùn nígbà tí Juan na ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ó nà án sí i. Ìgbà kejì tí mo wò ó ni mo rí i pé olùdarí mọ̀ pé inú mi yóò dùn, ó sì fẹ́ kí n gbọ́ ìdùnnú yẹn ní etí ara mi.

Ìṣòro kejì ni gbèsè ẹ̀mí. Ní òpin ìwádìí, wọ́n lé apànìyàn wọ inú irà lábẹ́ òjò tó ń rọ̀ bí ẹni tú garawa. Pedro fara gbọgbẹ́. Ikú ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Juan ló yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ pa ọkùnrin náà, wọ́n sì rí ọmọbìnrin tó kù gbà láàyè. Ọmọ tí ìyàwó Pedro fẹ́ bí yóò ní bàbá nítorí Juan. Lójú àwa Yorùbá, ẹni tó bá ṣe èyí fún ọ kò kéré, wàá máa kí i títí ayé ni.

Ìṣòro kẹta ni ti ọlọ́lá. Ọkùnrin kan wà tó ní ilẹ̀, tó ní ilé ọdẹ, tí àmì tó pọ̀ ń tọ́ka sí pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹni tó mú un. Apànìyàn tó kú jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán, ìwé ìròyìn gbé orúkọ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ga, Pedro rí ojú rere ọ̀gá, yóò padà sí Madrid. Òun náà mọ̀ pé ẹjọ́ kò tíì tán. Bí Pedro bá lè gba èyí, a ti mọ̀ pé yóò gba ohun tó ń bọ̀.

Nígbà náà ni oníròyìn mú àwòrán wá. Juan ni, pẹ̀lú ìbọn, níbi ìwọ́de kan tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọbìnrin kan. Oníròyìn náà tún sọ pé Juan ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí Juan fi yé Pedro nípa ọ̀rọ̀ ìyìnbọn náà yàtọ̀. Àwòrán wà lọ́wọ́ Pedro. Juan ń bọ̀. Pedro fà á ya.

Àwọn tó ń gbèjà Pedro ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, kí ni ì bá fi àwòrán náà ṣe? Òfin ọdún 1977 ti sọ pé kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ọ. Juan ti ń kú lọ. Obìnrin aríran kan nínú irà ti wò ó lójú, ó sì ti sọ fún un pé àwọn òkú ń dúró dè é. Bí Pedro bá tú u síta, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́pàá rere kan ṣoṣo yóò sì dín nínú ìwọ̀nba tó wà. Wọ́n ní ohun tí Pedro ṣe ni gbogbo Sípéènì ṣe, wọ́n fà á ya kí ìlú má baà ya, ìlú náà kò sì padà sínú ogun.

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ gbà pé ó lè jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kò ní ọ̀nà mìíràn ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo rò pé wọ́n ń fò kọjá, ó sì jẹ́ pé tí ẹ bá ti rí i, fíìmù náà kò ní rí bákan náà lójú yín mọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé Pedro dárí ji Juan. Báwo ni yóò ṣe dárí jì í? Kí ni Juan ṣe fún un? Ẹ̀mí rẹ̀ ló gbà là. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì tí Pedro lè fojú fò. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú àwòrán jẹ́ ti ọmọbìnrin tí wọ́n yìnbọn pa, àti ti ìyá tó bí i. Pedro jẹ Juan ní gbèsè, ó sì fi ohun ìní ẹlòmíràn san án.

Ẹ wá wò ó báyìí. Camacho lè sọ pé òun ti sin ìkùnsínú òun, torí ìkùnsínú rẹ̀ ni, òun ló ṣẹ̀wọ̀n. Àmọ́ nígbà tí ilé aṣòfin kọ ìlà méjì yẹn, wọ́n sin ti àwọn tí kò sí nínú ilé náà mọ́ ọn. Àwọn baba wa ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ní Sípéènì, ẹni tó ṣu àti ẹni tó ń gbà á níyànjú ni wọ́n jọ ṣe ìpàdé, wọ́n sì kéde pé gbogbo ilé ti gbàgbé.

Kí ẹ má baà rò pé inú fíìmù nìkan ni irú Juan wà, ẹ gbọ́ ti Antonio González Pacheco, ọlọ́pàá ìṣèlú ní Madrid tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Billy el Niño. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ló sọ ní gbangba pé ó dá àwọn lóró pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní ìgbà Franco, wọ́n tún fún un lẹ́yìn tí Franco kú, àwọn àmì ẹ̀yẹ náà sì ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Sípéènì kò gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ, ni wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ajẹntínà ní 2010. Adájọ́ María Servini ní kí wọ́n mú un ní 2013. Ilé ẹjọ́ Sípéènì sọ ní 2014 pé àwọn kò ní fà á lé e lọ́wọ́, pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Fíìmù yìí jáde ní ọdún yẹn kan náà. Àrùn kòrónà ló pa González Pacheco ní Madrid ní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Lórí ẹ̀sùn ìdálóró yẹn, ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi, kò sì dá a láre.

Garzón, adájọ́ Sípéènì tó gbìyànjú ní 2008 láti ṣèwádìí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà Franco, òun ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ fún un. Wọ́n dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà ní 2012, ṣùgbọ́n ìwádìí náà ti kú. Ní 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun kan nípa ìrántí, tó pọn ọ́n dandan fún ìjọba láti máa wá òkú àwọn tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òfin ọdún 1977 ṣì wà níbẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n má gbà pẹ̀lú àwọn tó sọ pé ìparí fíìmù náà kò ṣe kedere. Ó ṣe kedere ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n rán ọkùnrin méjì láti olú ìlú wá torí ọmọ méjì tí aráyé kò kà sí. Wọ́n wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n gbá ilẹ̀kùn, wọ́n gbé nẹ́gátíìfù tó ti jóná sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán kékeré tó ti jóná ni Pedro gbé ìwádìí lé, òun ló gbẹ̀san àwọn ọmọ náà. Ti ọmọbìnrin kẹta, èyí tó kú níbi ìwọ́de, kò jóná rárá. Ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ hàn ketekete.

Juan dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi Pedro bóyá gbogbo nǹkan wà létòlétò. Àwòrán náà ti ya.